Òǹwòran tí ó Wà ní Òkèèrè: Ẹ̀sìn, Ìjọba àti Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn nínú Kar ti Orhan Pamuk

Láti ìgbà tí ìwé ìtàn àròsọ Orhan Pamuk tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Kar, ìyẹn òjò dídì, ti jáde ní èdè Tọ́kì ní ọdún 2002, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì láti ọwọ́ Maureen Freely sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2004, ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ ń gbà kà á. Wọ́n ní ìjà láàrin ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ọ̀làjú ìwọ̀-oòrùn ayé ni ó dá lé lórí. Irú ìkàwé bẹ́ẹ̀ kò ṣàìlẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìborí wà nínú ìwé náà, ìbọn wà níbẹ̀, sójà wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìmáàmù náà wà níbẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ohun mìíràn ni ìwé náà ń wá. Ó ń béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ máa ń dà nígbà tí ẹni tí a ń sọ ọ́ fún kì í ṣe ẹni tí ó jókòó níwájú wa, bí kò ṣe òǹwòran kan ní òkèèrè tí a ń retí kí ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Pamuk rí ìbéèrè yìí kedere ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó dà bíi pé ó gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó yá. Ìgbàgbé yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé òun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ nínú àríyànjiyàn lórí bóyá kí orílẹ̀-èdè Tọ́kì wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nígbà tí ìwé náà jáde. Ọdún 1963 ni Tọ́kì fọwọ́ sí àdéhùn Ankara tí ó sọ ọ́ di alábàáṣe àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1987, ó kọ̀wé pé òun fẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ gan-an. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 1999, ní ìpàdé Helsinki, kí wọ́n tó kà á mọ́ àwọn tí wọ́n lè wọlé. Ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 2005. Láàrin ìgbà méjèèjì yìí, òfin yí padà ní Ankara lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò lérò: wọ́n fagi lé ìdájọ́ ikú ní àkókò àlàáfíà ní ọdún 2002, wọ́n sì pa á rẹ́ pátápátá ní ọdún 2004, èdè Kurdish, tí òfin ti fún lọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún, dún lórí tẹlifíṣàn ìjọba ní ọdún 2004 kan náà. Ẹni tí ó bá sọ pé ìrètí àtiwọ Yúróòpù kò ṣe ará Tọ́kì lóore kankan kò sọ òótọ́.

Ohun kan wà tí àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà tẹnu mọ́. Àwọn ìlànà tí Yúróòpù gbé kalẹ̀ ní Copenhagen ní ọdún 1993 fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ wọlé mẹ́nu ba ìjọba àwaarawa, ìjọba tí òfin ń darí, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ìdáàbòbò àwọn tí kò pọ̀ níye, àti ọrọ̀ ajé. Kò sí gbólóhùn kan nínú wọn tí ó ní kí orílẹ̀-èdè ya ẹ̀sìn sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọba. Kò sì lè sí. Ìwé òfin ilẹ̀ Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ Mẹ́talọ́kan. Denmark ní ìjọ tí ìjọba ń tì lẹ́yìn. Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan náà nígbà yẹn, ni olórí ìjọ Áńgílíkà. Síbẹ̀, nígbà tí Valéry Giscard d'Estaing, ẹni tí ó ń darí ìgbìmọ̀ tí ó ń kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun fún Yúróòpù, sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2002 pé Tọ́kì kì í ṣe orílẹ̀-èdè Yúróòpù, gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń yọ́ sọ nípa ẹ̀sìn. Àwọn alátìlẹ́yìn Tọ́kì náà dáhùn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn: wọ́n ní ẹ má bẹ̀rù, ìjọba wa kì í fi ti ẹ̀sìn ṣe. Báyìí ni ohun tí kò sí nínú ìlànà ṣe di ohun tí wọ́n fi ń wọn ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà.

Gbólóhùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lò yẹn, 'kì í fi ti ẹ̀sìn ṣe', ni ó yẹ kí àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú èdè Yorùbá dúró lé lórí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Tọ́kì ń lò ni laiklik, èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ èdè Faransé. Nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí 'àìlẹ́sìn' tàbí 'ìjọba aláìlẹ́sìn'. Méjèèjì ló ṣini lọ́nà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1924, ọjọ́ kan náà tí ilé aṣòfin Ankara fòpin sí ipò kálífà, ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, èyí tí a mọ̀ sí Diyanet. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ pé Ìsìláàmù ni ẹ̀sìn ìjọba kúrò nínú ìwé òfin ilẹ̀ ní ọdún 1928, wọ́n sì fi laik sínú rẹ̀ ní ọdún 1937, ṣùgbọ́n Diyanet kò kúrò níbẹ̀. Òun ni ó ń san owó oṣù àwọn ìmáàmù, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìwàásù ọjọ́ Jímọ̀ ti ń jáde lọ sí àwọn mọ́ṣáláṣí. Ilé ìjọsìn àwọn Alevi, tí wọ́n ń pè ní cemevi, kò rí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ gbà. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé àwọn ológun tí wọ́n gbàjọba ní ọdún 1980, tí wọ́n ń pe ara wọn ní alágbàwí laiklik, ni wọ́n sọ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn di ọ̀ranyàn fún ọmọ ilé-ìwé nínú ìwé òfin ilẹ̀ ti ọdún 1982.

Ìjọba tí ó ń yan ìmáàmù, tí ó ń sanwó fún un, tí ó sì ń kọ ìwàásù fún un, kì í ṣe aláìlẹ́sìn. Ó ká ẹ̀sìn lọ́wọ́ kò ni. Bí a bá ní láti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún laiklik ti Tọ́kì, 'ìkáwọ́-ẹ̀sìn' sún mọ́ ọn ju 'àìlẹ́sìn' lọ. Kí á wá fi 'ìjọba tí kò fi ẹ̀sìn kan ṣe tirẹ̀' sílẹ̀ fún irú ohun tí abala 10 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ, nítorí ohun tí abala náà sọ kò ju pé kí ìjọba má sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìlú. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2016, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo híjáàbù ní ilé-ìwé ìjọba. Kò pẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kírísítẹ́nì kan ní Ìwó fi gbé aṣọ ìjọ wọn wọ̀ wá sí kíláàsì. Nínú ìjà náà, àti nínú èyí tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ parí fún ìpínlẹ̀ Èkó ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ẹni tí ó ń tako ìborí àti ẹni tí ó ń gbà á láyè jọ ń pe orúkọ ìjọba tí kò lẹ́sìn ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn méjèèjì, ìtumọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ pátápátá.

Àwọn ará Tọ́kì mọ ìṣòro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Aṣọ kan náà ni wọ́n ń pè ní başörtüsü tí wọ́n sì tún ń pè ní türban. Èyí àkọ́kọ́ ni ìyá àgbà fi ń bo orí ní abúlé, kò sì sí ẹni tí í bínú sí i. Èkejì ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń wé lọ sí yunifásítì, òun ni àwọn adájọ́ ń dè. Ẹni tí ó bá sọ türban ti dájọ́ kí ó tó gbẹ́jọ́. Kí àwa náà má rẹ́rìn-ín jù: kò sí ẹni tí ó gbé gèlè lọ sí ilé ẹjọ́ rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wọ inú ìwé náà. Ka, akéwì tí ó ti gbé ní Frankfurt fún ọdún méjìlá, dé sí Kars, ìlú tálákà kan ní ẹ̀bá ààlà Àméníà. Ó ní òun wá kọ ìròyìn lórí ìdìbò àti lórí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ń pa ara wọn. Òjò dídì dí gbogbo ọ̀nà. Láàrin ọjọ́ mẹ́ta, òṣèré kan tí ń jẹ́ Sunay Zaim pẹ̀lú àwọn ológun fipá gba ìlú láti orí ìtàgé: wọ́n ń ṣe eré kan tí obìnrin ti ń bọ́ ìborí rẹ̀ tí ó sì ń sun ún níná, àwọn sójà yọ ìbọn, àwọn òǹwòran rò pé eré ni, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ni wọ́n tó mọ̀ pé ọta gidi ni. A lè sọ pé àfiwé náà ti hàn jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ìdí fún òǹkọ̀wé láti pa wá láyò nípa pé laiklik ní Tọ́kì jẹ́ eré tí sójà ń darí.

Ibi tí agbára ìwé náà wà ni ìpàdé ìkọ̀kọ̀ tí ó wáyé ní Òtẹ́ẹ̀lì Asia lẹ́yìn ìfipágbàjọba náà. Àwọn ọ̀tá ara wọn jókòó yí tábìlì kan ká: àwọn tí wọ́n fẹ́ kí Ìsìláàmù jọba, àwọn ọmọ Kurd, àwọn àgbà tí wọ́n ti jẹ́ kọ́múníìsì rí. Wọ́n fẹ́ kọ ìkéde kan tí yóò jáde nínú ìwé ìròyìn Jámánì. Ka ti sọ fún wọn pé òun mọ akọ̀ròyìn kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ Hans Hansen. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ta kóòtù fún un ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Frankfurt ni Ka ti mú orúkọ náà. Àwọn ènìyàn yìí wá ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí ohun tí wọn yóò sọ fún ẹni tí kò sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin Kurd kan dìde, ohun tí ó sì fẹ́ kí àwọn ará Jámánì gbọ́ ni pé òmùgọ̀ kọ́ ni wọ́n, ìṣẹ́ ló ń ṣẹ́ wọn. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n má kọ ohunkóhun tí yóò jẹ́ kí wọ́n rò pé à ń ṣagbe. Òmíràn ní gbogbo ohun tí a bá kọ, ṣíṣagbe náà ni.

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì yẹn, kò sí ojú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ń yí padà lẹ́nu wọn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí sójà pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ àná kò sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀; bóyá Yúróòpù yóò ka òun sí ènìyàn ni ó ń dà á láàmú. N kò mọ ìwé àròsọ mìíràn tí ó fi bí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe lè di ìwé ìbẹ̀bẹ̀ hàn pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìbànújẹ́ báyìí. Àwọn lámèyítọ́ tí wọ́n ní Pamuk ń ta ìlú rẹ̀ fún òyìnbó kò fara balẹ̀ ka orí ìwé yìí. Ó mọ ọjà náà, ó sì mọ ẹni tí wọ́n ń tà á fún.

Ohun tí àwọn ará Kars kò mọ̀ ni pé òǹwòran náà, nígbà tí ó bá sọ̀rọ̀ níkẹyìn, lè má sọ ohun tí wọ́n rò. Leyla Şahin ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Istanbul nígbà tí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ kéde ní oṣù Kejì ọdún 1998 pé ẹni tí ó bá wé ìborí kò gbọdọ̀ wọ kíláàsì tàbí gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó fi Istanbul sílẹ̀ lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Vienna, ó sì gbé ẹjọ́ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ní Strasbourg. Ilé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ni ó ni ín, Tọ́kì sì ti wà nínú ìyẹn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé ẹjọ́ náà bá sọ ni Brussels fi ń díwọ̀n ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn, nítorí náà gbogbo ojú ló wà lára Strasbourg. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá ọdún 2005, oṣù kan lẹ́yìn tí ìdúnàádúrà bẹ̀rẹ̀, àwọn adájọ́ mẹ́rìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún dájọ́ pé Tọ́kì kò tẹ ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ní laiklik àti ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin ni ìjọba ń dáàbò bò.

Adájọ́ kan ṣoṣo ni kò faramọ́ ọn, Françoise Tulkens láti Bẹ́ljíọ̀mù. Ó béèrè ẹ̀rí: níbo ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yìí ti fi ìborí rẹ̀ dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, ta ni ó fipá mú, ọjọ́ wo ni ó dá kíláàsì rú? Kò sí ìdáhùn, àfi pé ìjọba sọ bẹ́ẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ó tún sọ ohun kan tí ó ṣe pàtàkì sí ìwé tí à ń yẹ̀ wò: pé ohun tí ó ṣaláìsí nínú gbogbo àríyànjiyàn náà ni ohùn àwọn obìnrin fúnra wọn, àwọn tí wọ́n ń bo orí àti àwọn tí kì í bo orí. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, nínú ẹjọ́ Lautsi ti ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kan náà gbà kí àgbélébùú máa wà lára ògiri kíláàsì ní Ítálì. Wọ́n ní ohun tí kò pariwo ni. Ẹ fi ẹjọ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ìlànà kan ṣoṣo ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n.

Báyìí, ilé tí wọ́n kọ́ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbè sẹ́yìn ìjọba lòdì sí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin lé obìnrin jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹgbẹ́ AKP tí ó ń ṣèjọba ní Ankara, tí ó ti ń fi Yúróòpù ṣe àpáta ààbò lòdì sí àwọn ológun, bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àpáta náà kò lè gba òun lọ́rọ̀ ìborí. Ìgbìyànjú ilé aṣòfin láti yí òfin náà padà ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ fagi lé e. Nígbà tí ìdènà náà rọ̀ ní àwọn yunifásítì láti ọdún 2010, tí ó sì kúrò ní ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìjọba ní ọdún 2013, agbára ìṣèlú nílé ni ó gbé e kúrò.

Pamuk fúnra rẹ̀ kò yọ nínú eré yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, ó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní Swítsálandì nípa àwọn ará Àméníà àti Kurd tí wọ́n pa ní ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ lábẹ́ abala 301 pé ó tàbùkù jíjẹ́ ọmọ Tọ́kì. Àwọn aṣojú Yúróòpù kún ilé ẹjọ́ náà ní oṣù Kejìlá, wọ́n sì jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006. Hrant Dink, akọ̀ròyìn ọmọ Àméníà tí ó ń gbé Istanbul, jẹ̀bi lábẹ́ abala kan náà. Kò ní irú òǹwòran bẹ́ẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa á níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2007. Ní ọdún 2010, Strasbourg dá ìjọba Tọ́kì lẹ́bi pé kò dáàbò bo ẹ̀mí rẹ̀.

Mo ti yin ìwé náà. Ó wá ku ohun tí mo rò pé ó kùnà. Ní orí kejì, Ka lọ láti ilé dé ilé, ó ń gbọ́ ìtàn àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n pa ara wọn. Ọ̀kan, wọ́n fẹ́ fi í fún arúgbó tí ó ní ilé tíì. Òmíràn, bàbá rẹ̀ gbá a létí nítorí ìjà lórí tẹlifíṣàn. Òmíràn, ọkọ ń lù ú. Òmíràn, wọ́n bà á lórúkọ jẹ́ pé kì í ṣe wúńdíá. Igbákejì gómìnà sọ fún Ka pé bí ìbànújẹ́ bá tó láti pa ènìyàn, ìdajì obìnrin Tọ́kì ì bá ti kú. Lára ògiri ìlú, ìwé ìkéde wà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ìjọba fi bójú tó ẹ̀sìn, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn pa ara rẹ̀. Ìjọba laik ń fi Ọlọ́run bẹ ọmọbìnrin pé kí ó má kú. Ojú ìwé wọ̀nyí ga. Pamuk kò sì hùmọ̀ wọn láti inú òfuurufú, nítorí ní àwọn ọdún yẹn, ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń jáde lóòótọ́ láti ìlú Batman.

Ọ̀kan péré nínú àwọn ọmọbìnrin yìí, Teslime, ni ó kú nítorí ìborí. Láti ìgbà tí a bá ti gbọ́ ìtàn tirẹ̀, ìwé náà kò padà sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Ìborí gba gbogbo àyè. Àwọn ọkùnrin, Lacivert, Sunay, Muhtar, Ka, wá ń jiyàn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ìwé lórí Ọlọ́run àti Yúróòpù. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, òkú kò sì lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wọn wà láàyè, òǹkọ̀wé kò sì tún kan ilẹ̀kùn wọn. Kódà Kadife, aṣáájú àwọn ọmọbìnrin abòrí, tí ó mú lẹ́nu ju gbogbo ọkùnrin inú ìwé náà lọ, kò bọ́ ìborí rẹ̀ lórí ìtàgé nítorí pé ó wù ú. Wọ́n fi ìbọ́rí náà dúnàádúrà fún ìtúsílẹ̀ Lacivert ni, Ka sì ni alárinà. Àwọn òǹkàwé tí wọ́n ń jiyàn bóyá ìṣẹ́gun ni ìbọ́rí náà tàbí ìjákulẹ̀ ń jiyàn lórí ìwé àdéhùn tí àwọn ẹlòmíràn kọ.

Wọn yóò sọ fún mi pé èyí gan-an ni Pamuk fẹ́ fi hàn, pé ìgbàgbé náà jẹ́ àmúṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní òpin ìwé, Fazıl sọ fún asọ̀tàn pé kí àwọn òǹkàwé má gba ohunkóhun tí wọ́n bá kà nípa àwọn gbọ́, nítorí kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ wọ́n láti òkèèrè. Ìkìlọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n Fazıl ni wọ́n fún láyè láti kìlọ̀, kì í ṣe ìyá èyíkéyìí nínú orí kejì. Òǹkọ̀wé tí ó lè fún ẹni tí ń ta kóòtù ní Frankfurt ní orúkọ àti ojú ti fi hàn pé àyè kò há nínú ìwé rẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ lóde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2004, nígbà tí ìjọba Erdoğan fẹ́ sọ àgbèrè di ọ̀ràn lábẹ́ òfin, Yúróòpù pariwo, wọ́n sì ká ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ohun tí àwọn ìwé ìròyìn òkèèrè gbé lárugẹ nìyẹn, torí ó jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nínú òfin ìwà ọ̀daràn kan náà tí ilé aṣòfin fọwọ́ sí ní oṣù yẹn, ọkọ tí ó bá fipá bá ìyàwó rẹ̀ lò pọ̀ di arúfin, lẹ́yìn ọdún méjì tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin Tọ́kì ti ń jà fún un. Díẹ̀ ni ẹni tí ó ka ìyẹn ní Brussels.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ṣí àdéhùn kan sílẹ̀ fún ìfọwọ́sí lòdì sí ìwà ipá sí obìnrin àti ìwà ipá inú ilé, ní Istanbul, tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè é. Tọ́kì ni ó kọ́kọ́ fọwọ́ òfin tì í, ní ọdún 2012. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, àwọn mínísítà Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ pé ìdúnàádúrà pẹ̀lú Tọ́kì ti dúró sójú kan. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ Bùlùgéríà, tí ó ti wà nínú Ìṣọ̀kan náà láti ọdún 2007, dájọ́ pé àdéhùn Istanbul tako ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Erdoğan fi àṣẹ ààrẹ yọ Tọ́kì kúrò nínú àdéhùn náà. Ó sì ṣẹ ní ọjọ́ 1 oṣù Keje. Àwọn obìnrin tú jáde sí òpópónà ní Istanbul àti Ankara, àwọn tí wọ́n bo orí àti àwọn tí kò bo orí.